Fíláàṣì Tó Fẹ́ Dá Ìjà Orílẹ̀-Èdè Méjì Sílẹ̀

"Àwọn ará orílẹ̀-èdè òdìkejì odò ló ṣe é," ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi wí, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. "Tí aṣojú ìjọba àwọn ọ̀rẹ́ wa bá dé láago méjìlá, ohun tá a máa sọ fáwọn oníròyìn nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà tó ń darí omi ìlú fi dákú. Orílẹ̀-èdè kan tó ń bá tiwa ṣọ̀rẹ́ ló rán obìnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan wá láti gbà wá. Ó ti lé fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, jáde, àmọ́ kò tíì mọ ẹni tó mú un wọlé.

Èmi ni. Nígbà tí a gba ọlidé, mo bá ìyá mi wá síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ omi yìí, mo sì ki fíláàṣì orin tí ọ̀rẹ́ mi yá mi bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó so mọ́ èyí tó ń darí omi. Ojú ẹ̀rọ ṣú lọ́gán. Mo yọ fíláàṣì náà, mo fi í sápò, mo sì sá kúrò níbẹ̀.

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè lé ìyá mi. Tí mo bá sì dákẹ́, orílẹ̀-èdè méjì á máa bára wọn jà nítorí orin ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni." Mo gbé fíláàṣì náà sórí tábìlì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ rán mi sílé láìtọ́jọ́ ni?" Ìyá mi, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, di orí mú.

Àlejò wa, obìnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà, yẹ fíláàṣì náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ayé ni kòkòrò yìí ti ń kiri. Ọ̀gá, díẹ̀ ló kù kí ìjọba tèmi náà bá yín fọwọ́ sí irọ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "A ò ní lé ìyá rẹ, torí pé o sọ̀rọ̀ kó tó bàjẹ́ jù. Àmọ́ títí ọlidé á fi parí, ìwọ lo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wàá máa gba fíláàṣì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń wọlé."

"Gbogbo ẹni, sà?"

"Gbogbo ẹni."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó yọ fíláàṣì méjì jáde lápò, kò wojú mi.

Láago méjìlá, aṣojú ìjọba dé pẹ̀lú àwọn oníròyìn. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì gba fíláàṣì tí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà wà nínú rẹ̀. Àlejò wa ti fi fóònù sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, torí náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á sọ̀rọ̀ látorí. Ohun tó sọ kò gùn: ẹ má ki ohun tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá bọ ẹ̀rọ, tí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí wọ́n má baà dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.