Ọkọ̀ Aláìsàn Tí Káńsù Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Wa

Yìnyín ti bo ẹnu ọ̀nà ilé dé ìdajì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ìlú wa, Kanomata, gbogbo àdúgbò sì ń fi ṣọ́bìrì kó o. Níbẹ̀ ni Tazuko, tó ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe tófù tà, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti gbọ́? Káńsù fẹ́ mú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kúrò níbí. Ti ìlú Shirotani, lẹ́yìn òkè, la ó máa pè."

Ṣọ́bìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Tazuko. Lọ́dún tó kọjá, Genzo ọkọ rẹ̀ di àyà mú, ó sì ṣubú nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ọkọ̀ yẹn dé kí ọbẹ̀ tó tutù. Bẹ́ẹ̀, yìnyín ti dí ọ̀nà orí òkè tó wá láti Shirotani pa lọ́jọ́ náà.

"Wọ́n ti pinnu nìyẹn," ni Genzo wí. "Ta ló fẹ́ bá káńsù jà? Ẹ jẹ́ ká kó yìnyín wa."

"Ìwọ tí wọ́n fi ọkọ̀ náà gbé lò ń sọ bẹ́ẹ̀?" ni Tazuko dá a lóhùn. " Nígbà tí dókítà ń tún ọkàn ẹ ṣe, ṣé ó gbàgbé láti fi ìgboyà sí i ni?"

Ẹ̀rín sọ. Orie, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ wa, ti ṣọ́bìrì tirẹ̀ bọ yìnyín.

"Wọn ò tíì pinnu o, Mà. Àbá lásán ni, oṣù tó ń bọ̀ la máa dìbò. Ẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú, màá gbé e wọlé fún yín. Ẹ tún lè tọrọ àyè láti fẹnu ara yín ṣàlàyé."

"Èmi, nínú káńsù? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí irú wa wọbẹ̀ ni?"

"Àga ará ìlú wà níbẹ̀, òfo ló máa ń wà. Tí a ò bá rí yín, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ náà tẹ́ yín lọ́rùn ni. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pariwo, wọ́n á lé e jáde."

Láti ọjọ́ náà ni Tazuko ti ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé kí àwọn èèyàn lè buwọ́ lù ú. Nígbà tó yá, Genzo náà tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àga kún, àwọn kan dúró mọ́ ògiri. Nígbà tí wọ́n pe Tazuko, ó dìde.

"Ẹ̀yin àgbà ìlú, ọkọ mi ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Tó bá jẹ́ Shirotani la pè lọ́jọ́ náà, opó ni ì bá máa bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Tí yìnyín bá dí òkè, ibo lọkọ̀ wọn máa gbà?"

Nígbà tí wọ́n dìbò, àwọn tó ta ko àbá náà pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ. Genzo ki fìlà onírun rẹ̀ bọnu kí ariwo má baà jáde, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà tí a dé ìta la tó hó yèè.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí àbá bá di òfin. Ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé ní ọ́fíìsì káńsù, ẹ wá jókòó, ẹ wá káńsẹ́lọ̀ yín lọ, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ kí ìbò tó dé. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.