Wọ́n Jí Jẹ́ẹ̀lì Gbé Kó Tó Pé

Nígbà tí Ìyá Jẹ́ẹ̀lì ṣí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, fèrèsé ti wà ní ṣíṣí, ike jẹ́ẹ̀lì ńlá sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó káwọ́ lérí, ó figbe ta.

Ó ti pẹ́ tó ti ń se efinrin àti atalẹ̀ pupa, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń pò ó, títí ó fi rí jẹ́ẹ̀lì tó ń pa kòkòrò àrùn lára awọ láìta ọmọ ìkókó lára. Ọjọ́ yìí gan-an ni ilé ìwòsàn ńlá fẹ́ yan ẹni tí wọn yóò máa lo tirẹ̀.

"Ta lo mú wọ yàrá yìí?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Onítáì kan ni. Ó ní òun fẹ́ rajà. Ó yìn mí títí orí mi wú, mo bá fi gbogbo ìkòkò hàn án."

"Áà! Ẹnu dídùn ti pa ọ́!"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni fóònù ti dún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ni, nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn náà, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìyàwó, ọkùnrin onítáì kan gbé jẹ́ẹ̀lì ewé wá síbí. Ó ní òun lòun ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n, olè ni! Ẹ má jẹ́ kó lọ o!"

Tọkọtaya kó sọ́kọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n bá Onítáì níwájú olórí nọ́ọ̀sì, ó ń fi jẹ́ẹ̀lì pa ọwọ́ bí ọkọ ìyàwó tuntun.

"Èmi ni mo ni ín!" Ìyá Jẹ́ẹ̀lì pariwo.

Onítáì rẹ́rìn-ín. "Owú ló ń jẹ màdáámù yìí."

Bí wọ́n bá gba ọkùnrin yìí gbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Jẹ́ẹ̀lì lọ nìyẹn. Àmọ́ bó ṣe wo jẹ́ẹ̀lì náà báyìí, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó sọ̀rọ̀ sí olórí nọ́ọ̀sì létí, ó wá yíjú sólè.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, tẹ́ ẹ bá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Ọwọ́ á mọ́ ni. Kí ló tún kù?"

"Ẹ fọ̀ ọ́ ká rí i," ni olórí nọ́ọ̀sì wí.

Ó rọ ọṣẹ olómi sọ́wọ́, ó ń fọ̀ ọ́ tìgbéragatìgbéraga. Kíá, ọwọ́ méjèèjì pọ́n bí osùn. "Yéè! Ẹ̀jẹ̀!"

"Ẹ̀jẹ̀ kọ́," Ìyá Jẹ́ẹ̀lì wí. "Ike tí mi ò tíì yọ àwọ̀ atalẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lo gbé. Bó bá kan ọṣẹ, pípọ́n ló ń pọ́n. Ẹni tó sè é mọ̀."

Onítáì ki eré mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn gbá a lọ́wọ́ mú, ọwọ́ yọ̀ bọ̀rọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, ó yí i títí, ọṣẹ ò jẹ́ kó ṣí. Táì ni ẹ̀ṣọ́ wá fà.

"Ṣé ìwọ lo jí i?" ẹ̀ṣọ́ bi í.

"Èmi ni! Fèrèsé ni mo gbà wọlé. Ìyókù wà nínú búùtù ọkọ̀ mi."

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun!" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Jẹ́ẹ̀lì wí. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá dé, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọwọ́ pupa.

"Ìyá Jẹ́ẹ̀lì," olórí nọ́ọ̀sì wí, "tiyín la mú. Ìgbà wo lẹ máa gbé èyí tó pé wá?"

Ìyá Jẹ́ẹ̀lì dì mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.