Ọfà Tí Clémence Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá

Ọmọ ọdún méje ni Clémence. Lánàá, ó rẹ́rìn-ín títí. Lónìí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Màmá kò lè dìde. Ara Màmá gbóná, ó gbóná bí iná.

"Ó di ọsibítù," ni Tàntí Madeleine wí. Àbúrò Màmá ni Tàntí Madeleine. Wọ́n gbé Màmá lọ sí Kétou.

Bàbá ńkọ́? Bàbá wà lóko ní Adakplamè.

Adití ni Bàbá. Ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Bàbá kò sì mọ̀wé kà, àmì nìkan ló máa ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀.

Latifou, aládùúgbò wọn, gun alùpùpù rẹ̀ lọ láti mú Bàbá wá.

Clémence jókòó ti ibùsùn Màmá. Ó ń dúró. Ó ń dúró ṣáá.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Wàà, wàà, wàà!

Fóònù Tàntí dún. Latifou ni.

"Alùpùpù mi bàjẹ́ lọ́nà, nítòsí Kétou o! Bàbá Clémence kò lè dúró. Ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ."

"Yéè!" ni Tàntí wí. "Oríta ọjà nìkan ló mọ̀ ní Kétou. Kò mọ ọsibítù yìí."

Wàà, wàà, wàà! Ta ni yóò júwe ọ̀nà fún un nínú òjò yìí?

Tín! Fóònù tún dún. Bàbá ló fi àmì kan ránṣẹ́.

?

"Ó ti dé oríta," ni Tàntí wí. "Ó ń bi wá léèrè ọ̀nà."

"Tàntí, Bàbá mọ àmì ọfà!" ni Clémence wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi ọfà ránṣẹ́ sí i."

Tàntí júwe ọ̀nà. Clémence wá ọfà nínú fóònù Tàntí. Ó tẹ̀ ẹ́.

→ Yà sọ́tùn-ún.
↑ Máa lọ tààrà.
← Yà sósì.

Ọfà nìkan ló fi ránṣẹ́. Ó dúró.

Tín!

?

Ó tún fi wọ́n ránṣẹ́. Ó tún dúró.

Tín!

??

Omi bọ́ lójú Clémence. "Kí ló dé tí Bàbá kò rí i?"

Tàntí mí kanlẹ̀. "Fóònù bàbá rẹ ti gbó, ọmọ mi. Kò mọ ọfà tuntun yìí. Ohun tí kò bá mọ̀, àpótí òfìfo ló máa ń fi dípò rẹ̀."

□ □ □

Àpótí mẹ́ta. Bàbá nìkan, nínú òjò, pẹ̀lú àpótí òfìfo mẹ́ta.

Màmá kérora lórí ibùsùn. "Bàbá ẹ dà?"

Clémence nu ojú. Ó wo àwọn àmì tó wà lójú fóònù. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó rí ìlà kékeré kan. -

Ó rí ohun kan tó ní ṣóńṣó. >

"Tàntí! Ṣé fóònù Bàbá mọ ìwọ̀nyí?"

"Ó mọ̀ wọ́n. Wọ́n wà lórí rẹ̀."

"Ìlà yìí ni igi ọfà. Èyí ni orí rẹ̀!"

Ó tẹ ìlà. Tẹ́! Ó tẹ orí. Tẹ́!

->

Ó wá èyí tó kọjú sókè.

^

Ó yí orí ọfà padà sósì.

<-

Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Fìù!

Ó dúró. Fóònù kò dún. Òjò nìkan ló ń dún. Wàà, wàà, wàà.

Ṣé Bàbá rí i? Àbí ó ti ṣìnà? Clémence di etí aṣọ Màmá mú.

Pà. Pà. Pà.

Ẹsẹ̀ ta ni yẹn?

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ni! Omi ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó. Ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún.

Bàbá na fóònù rẹ̀ sókè. Ó fi ọwọ́ béèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?"

Tàntí nàka sí Clémence.

Bàbá gbé e mọ́ra. Aṣọ Bàbá tutù, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ móoru.

Bàbá di ọwọ́ Màmá mú. Màmá la ojú. Ó gba ẹ̀kọ mu, ṣíbí kan, ṣíbí kejì, ṣíbí kẹta.

Òjò kò tíì dá. Ṣùgbọ́n Clémence sùn lọ fọnfọn, láàárín àwọn méjèèjì.