Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni pé kí n dìde.

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ìkọ́ni ni. Mo ti tètè dé, mo rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo sì jókòó. Ọkùnrin kan wọlé, ó fi rúlà gígùn àti ìwé máàpù há abíyá. Ó wò mí bí ẹni tó bá àlejò lórí ibùsùn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga yẹn."

Mo dìde. Ó lọ gbé òmíràn wá láti kíláàsì kan. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú, ó ń mì. Mo ká bébà kan ní ìká mẹ́rin, mo fi ti abẹ́ ẹsẹ̀ náà, mo jókòó, mo ṣí ìwé mi. Mi ò bèèrè ìdí. Aago mẹ́jọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, iṣẹ́ sì wà níwájú mi.

Olùkọ́ ìṣirò ló sọ fún mi nígbà ìsinmi pé àga ìyàwó ọkùnrin náà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ni, pé ìyàwó náà ti kú ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, àti pé kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé ènìyàn rere ni. Ọkùnrin náà ni olùkọ́ àgbà fún ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, òun ni yóò sì máa jókòó lẹ́yìn kíláàsì láti máa wò mí fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Bàbá Máàpù, nítorí ó lè ya gbogbo ayé sára pátákó láìwo ìwé.

Èmi náà gba orúkọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n gbọ́ pé lẹ́tà ni mo fi kàwé, ni wọ́n bá ń pè mí ní Àǹtí Lẹ́tà. Wọn ò purọ́. Ọdún márùn-ún gbáko ni ẹ̀kọ́ mi fi ń dé nínú àpò ìwé. Ní kùtùkùtù mo ń kọ ìdáhùn, lọ́sàn-án mo ń ta oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọ́ mi á fi ìdáhùn àwòkọ́ṣe ránṣẹ́, ẹni tó bá sì kọ tirẹ̀ bí ti àwòkọ́ṣe ló ń gba máàkì. Mi ò rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lára ìdáhùn kankan rí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún yẹn, Bàbá Máàpù ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi etí gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohùn náà kò kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́, ó ní ìwé ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Lẹ́yìn ìkejì, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló sùn, pé òun kà wọ́n. Ó wá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí n lọ wá àwòrán tí mo lè gbé kọ́ ara ògiri.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni mo ti rí nóòtì kan. Èèpo iwájú rẹ̀ ti ya kúrò. Bírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà rẹ̀ tọ́, èrò rẹ̀ sì ṣe kedere. Ẹ̀kọ́ odindi táámù kan ló wà níbẹ̀: ìbéèrè tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa dákẹ́ kí ọmọ lè ronú, àwàdà tó máa jí ẹni tó bá ń tòògbé. Mi ò rí nóòtì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo lè bèèrè ẹni tó ni ín. Mi ò bèèrè. Àwòkọ́ṣe ni mo kà á sí, mo sì jókòó dà á kọ.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó sùn mọ́. Ọmọbìnrin kan wà lórí ìjókòó iwájú tó ń tún kíláàsì náà kà, ọdún kẹta rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà a máa parí gbólóhùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo rò pé orí rẹ̀ pé ni, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fìdí rẹmi.

Bí mo bá kọjú sí pátákó, nígbà mìíràn, á ṣe mí bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn èjìká mi, tó ń wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo bú ara mi. Mo ní oorun mi ni kò tó.

Bàbá Máàpù náà yí padà. Kì í kọ nǹkan kan sí fọ́ọ̀mù tó fi ń ṣàyẹ̀wò mi mọ́. Á fọwọ́ lérán, á máa gbọ́ mi bí ẹni tó wà lájò tó ń gbọ́ ìròyìn ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí lẹ́nu géètì, a sì jọ ń rìn dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ó bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe olùkọ́. Mo sọ fún un pé mo ti ta oògùn fún àwọn tí kò lè ka ohun tó wà lára páálí, ó sú mi, mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Olùkọ́ mi." Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìfẹ́ ọkùnrin náà ti wọ̀ mí lára.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Agbòòrùn rẹ̀ ti lu lápá ọ̀tún. Ó fà mí sí òsì rẹ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kí òjò pa nínú wa," ó ní, "mo sì ti pinnu ẹni náà."

Èjìká rẹ̀ tutù rinrin. Tèmi gbẹ. Ká tó dé ibi tí ọ̀nà ti pín, ó ti bi mí bóyá mo lè fẹ́ òun.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kò gbójú sókè. Ó ní kò sí aburú lára ọkùnrin náà, ó níṣẹ́, ó nílé, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó ti gbéyàwó rí. Ó ṣa òkúta méjì mìíràn kó tó sọ èyí tó wà nínú rẹ̀.

"Bí orogún bá wà láàyè, ẹ lè jà, ẹ sì lè parí ẹ̀. Òkú kì í ṣàṣìṣe. Kì í darúgbó, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jóná mọ́. Lọ bi í léèrè ohun tó rí lára rẹ tí kò sí lára òkú. Bó bá rí i sọ, fẹ́ ẹ."

Ẹ̀rù ìbéèrè náà bà mí, nítorí náà mi ò bi í. Mo kàn ní kó ṣe sùúrù títí olùyẹ̀wò tó máa fún mi ní máàkì á fi wá.

Olùyẹ̀wò wá ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó jókòó ti Bàbá Máàpù lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ìgbéyàwó àti ẹbí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni nóòtì náà ní fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Fi ìtàn agbòòrùn bẹ̀rẹ̀. Kò kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Èmi náà ṣáà ní ìtàn agbòòrùn.

Mo kọ àkọlé sí pátákó, mo yí padà sí wọn. Mo ní ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń lọ lójú ọ̀nà, òjò dé, agbòòrùn kan ló wà, ó sì ti lu lápá ọ̀tún. Mo ní ọkùnrin náà fa obìnrin náà sí òsì rẹ̀. Mo ní ó sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kí òjò pa nínú wọn.

"'Mo sì ti pinnu ẹni náà,'" ni ọmọbìnrin iwájú fi kún un.

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, ìtàn yìí ni Màmá tó ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀ sọ fún wa kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ọkọ àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo wo ẹ̀yìn. Bàbá Máàpù ti dìde. Ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó jáde. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí kò fi dún mọ́.

Mo parí ẹ̀kọ́ náà. Ogún ìṣẹ́jú ló kù, mi ò sì lè fi ogún ìṣẹ́jú ogójì ọmọ ṣòfò nítorí ọ̀ràn ara mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu mi, mò ń gbọ́ ọ bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́. Máàkì tó ga ni olùyẹ̀wò fún mi.

Mo bá Bàbá Máàpù nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ó dúró ti àga náà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi nóòtì náà lélẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ mọ̀ pé ìwé ìyàwó yín ni."

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì."

"Ẹ ò sì dá mi dúró."

"Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ ni." Ó ṣí nóòtì náà. "Mo mọ ìwé náà. Mi ò mọ̀ pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì fún àwọn ọmọ."

Mo bi í bóyá ó mọ̀, lọ́jọ́ òjò yẹn, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń tún sọ. Ó ní ẹnu òun ti sọ ọ́ kí ọkàn òun tó mọ̀. Mo gbà á gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Mo wá bi í ní ìbéèrè ìyá mi.

Ó wo àga, ó wo ojú mi, ó tún wo àga.

Mo dá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù padà fún un. Mo kọ̀wé sí olùyẹ̀wò pé nóòtì ẹlòmíràn ni mo fi kọ́ wọn. Wọ́n wá wò mí lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dín máàkì mi kù, mo yege. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, nóòtì tèmi ni mo lò. Kò dára tó ti olóògbé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì sùn, mo kà wọ́n fúnra mi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin iwájú kò mọ bí gbólóhùn mi ṣe máa parí mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sókè, ó ń béèrè ìbéèrè.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn Bàbá Máàpù tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì. Ó ní òun ṣì ń wá ìdáhùn náà.

"Lẹ́tà ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀," ni mo sọ. "Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Màá fún un ní máàkì."

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó jìnnà, èmi àti ìyá mi sì jọ kó lọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dùn bí oyin: ó pè mí ní ìmọ́lẹ̀ ilé òun. Mo fi bírò pupa kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, Ṣé ẹ kò sọ èyí fún ẹnì kan rí? Mo dá a padà. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ìmọ́lẹ̀ nínú. Àìsàn ìyàwó rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ojú ewé mẹ́fà. Mi ò fi pupa kan ìyẹn. Mo tọ́jú rẹ̀.

Mò ń ka gbogbo wọn sétí ìyá mi, nítorí ojú rẹ̀ kò gbé ìwé mọ́. Á gbọ́ tán, á ní, "Kò tíì dáhùn." Oṣù méje la fi wà lẹ́nu èyí. Àárò ọkùnrin náà ń sọ mí lójoojúmọ́, mi ò sì kọ ìyẹn sí i.

Lẹ́tà kẹsàn-án kò gùn.

"Mo tún ẹsẹ̀ àga rẹ ṣe lónìí. Bébà tó o ká sábẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ìdajì ojú ewé ni; ó dájú pé o ti lo ìdajì kejì. Ìwọ lo máa ń ki àjẹkù ṣọ́ọ̀kì bọ inú ìdérí bírò, tí wàá fi kọ̀wé títí á fi di lẹ́búlẹ́bú. Odindi ṣọ́ọ̀kì ni olóògbé fi ń ju aláriwo. Òun a máa kọrin bó bá ń kọ̀wé sí pátákó. Ìwọ a máa bá ìwé jà. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ò ń sọ fún ìwé pé irọ́ ló ń pa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, mo jókòó sẹ́yìn, mò ń gbọ́ ohùn kan tí mi ò mọ̀ rí, mi ò sì fẹ́ kó dákẹ́. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ. Mo rí ọ báyìí."

Ìyá mi ní kí n tún ibi ṣọ́ọ̀kì yẹn kà. Mo tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Ahun tó o ti ń ṣe láti kékeré," ó ní, "ẹnì kan ti rí i, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kó lọ o."

Mo mú bírò pupa, mo fún un ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò fún ẹnikẹ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

A ṣègbéyàwó nígbà ìsinmi táámù, níwájú akọ̀wé ìjọba. Ìyá mi wà níbẹ̀, olùkọ́ ìṣirò náà wà níbẹ̀, kò sì gba wákàtí kan. Nígbà tí a dé ilé, àga méjì ló wà nídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: tèmi tí kò mì mọ́, àti ti olóògbé; ó ti gbé méjèèjì wá láti ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi ní bí mo bá fẹ́, òun á gbé e kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Jókòó." Mo jókòó sórí tèmi.

Kò yẹ kí àga kan wà lásán nínú ilé tí iṣẹ́ wà. Nígbà tí táámù wọlé, tí wọ́n ti gbé mi padà sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí, mo kó ogójì ìwé akẹ́kọ̀ọ́ mi lé orí àga olóògbé, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń ṣe máàkì. Ó ti di àṣà mi. Ọkọ mi a máa ya máàpù rẹ̀ ní òdìkejì tábìlì, ilé a dákẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, nígbà mìíràn, mo máa ń na ọwọ́ láìwo ibẹ̀, ìwé tó kàn á sì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ kí n tó na ọwọ́ tán, bíi pé ẹnì kan ló nà án sí mi.

Mo máa ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, Mà." Màá sì máa bá iṣẹ́ lọ.