Ibi Tí Igbà Ń Sùn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìdúró, kó wá ibìkan jókòó, kó sì rọra jókòó, nítorí orí ìdí tó fi ń jókòó yẹn gan-an ni ìtàn mi dá lé. Mi ò ní í yára sọ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó jẹ́ ọdún kejì tí wọ́n fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Adẹ́mu kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, Ilésanmí lorúkọ rẹ̀. Oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ìrì tó gbẹ lára koríko, yóò ti fi igbà, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ, yí ara rẹ̀ àti igi ká, yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé orí ọ̀pẹ, á fi ìdí ti igbà bí ẹni tó fẹ̀yìn ti àga. Nínú kùrukùru ọyẹ́, á rí òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò hàn, bí ẹni pé àpáta náà ń léfòó lórí wàrà. Ó máa ń sọ fún Florence, ìyàwó rẹ̀, pé òun kì í mọ̀ bóyá òkè yẹn ló ń lọ tàbí ọ̀pẹ tóun wà lórí rẹ̀.

"Ẹ máa wo ẹmu yín," ni Florence máa ń dá a lóhùn. "Òkè ò ní í lọ síbì kankan."

Lọ́jọ́ kan, ibà gbé Ilésanmí dè. Florence ní káwọn lọ sí ọsibítù. Ó ní rárá, kí wọ́n bá òun pe Fọlọ́runṣọ́. Fọlọ́runṣọ́ yìí ti gbálẹ̀ rí ní ọsibítù kan, ibẹ̀ ló ti ń wo ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ojúlé dé ojúlé, nínú agolo bisikíìtì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní dókítà, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Fọlọ́runṣọ́ ní kó dùbúlẹ̀. Ilésanmí ní adẹ́mu kì í dùbúlẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú lórí ìdúró. Bí alábẹ́rẹ́ ṣe fẹ́ fi òwú nu òkè ìdí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbá a lọ́wọ́ mú.

"Má gún mi níbẹ̀. Ibẹ̀ ni igbà ń sùn. Tó bá wú, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe uṣẹ́ mi lọ́la? Bọ́ sísàlẹ̀, sáàárín, níbi tó rọ̀."

Fọlọ́runṣọ́ ní òkè lòun máa ń rí táwọn nọ́ọ̀sì ń gún.

"Ṣé ìwọ lo ni ìdí ni, àbí èmi?"

Florence rẹ́rìn-ín. Fọlọ́runṣọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gún un níbi tí onídìí fẹ́.

Nǹkan kan kọ bíi mànàmáná láti ìdí Ilésanmí lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ké. Kàkà kí Fọlọ́runṣọ́ fa abẹ́rẹ́ yọ, ó ní oògùn tí kò bá ta ni kò jẹ́, ó sì tì í tán pátápátá.

Ibà lọ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Ilésanmí ń lọ sẹ́yìnkùlé, Florence pè é.

"Bàbá Yéwándé, bàtà yín ọ̀tún dà?"

Ó wo ilẹ̀. Sílípáàsì rẹ̀ kan ti kù sẹ́nu ọ̀nà, kò sì mọ̀gbà tó bọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ láti ọrùn ẹsẹ̀, bí ewé kókò tí oòrùn pa.

Igbà di ohun tí a fi kọ́ ara ògiri. Ilésanmí á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ojú rẹ̀ á là, ṣùgbọ́n kò sí nílé. Ọwọ́ rẹ̀ á máa ju igbà tí kò sí níbẹ̀ sókè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ fún Florence pé àwọn ọ̀pẹ òun ń kọjá níwájú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kí òun, tí wọ́n ń bi òun pé ìgbà wo. Florence kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kó aṣọ méjì sínú báàgì, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù ìjọba.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, Mobọ́lájí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ẹsẹ̀ tó bá gbàgbé ìrìn. Ó ní kí Ilésanmí gbọ́wọ́ lé ìdí ara rẹ̀, kó sì dìde lórí àga.

"Ẹran tó le gbandi lábẹ́ ọwọ́ yín yẹn, Bàbá, òun ló ń gbé wa dìde, òun náà ló ń tì yín gun ọ̀pẹ. Méjì mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, àwọn ni kì í jẹ́ kí ìbàdí wọ́ sílẹ̀. Tí kò bá sí wọn, bíi pẹ́pẹ́yẹ là bá máa rìn."

Ó na ìka rẹ̀ kan. Ó ní iṣan kan wà tó nípọn tó báyìí, tó gba ìsàlẹ̀ ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Òun ló ń jíṣẹ́ fún ẹsẹ̀ pé gbéra, òun sì ni abẹ́rẹ́ lọ bá.

"Ibo ló yẹ kó gún?" ni Ilésanmí bi í.

Mobọ́lájí ní kó fojú inú pín ìdí kan sí ọ̀nà mẹ́rin, bí ẹni fa àgbélébùú sí i. Ó wá fọwọ́ kan ìdá tó wà lókè, lápá ìta.

Ilésanmí fọwọ́ ara rẹ̀ kan ibẹ̀. "Ibi tí igbà ń sùn."

"Ibẹ̀ gan-an ni, Bàbá. Iṣan yẹn kì í gba ibẹ̀."

Ó béèrè bóyá òun á tún gun ọ̀pẹ. Mobọ́lájí ní òun ò ní í purọ́: irú iṣan bẹ́ẹ̀ ń pẹ́ kó tó san, òmíràn kì í sì í san tán. Ṣùgbọ́n kí ìdí má sùn dè é. Ó fi ọ̀já gbé ẹsẹ̀ tó rọ náà ró. Ó kọ́ ọ pé kó máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó sì máa gbé ẹsẹ̀ sókè, kó máa dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í. Florence ló ń bá a kà á. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Oṣù mẹ́rìnlá kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ bo gbogbo oko, Ilésanmí mú igbà lára ògiri. Florence tẹ̀ lé e. Ọ̀pẹ tó kúrú jù lọ ni ó yàn. Ó ń gòkè, kùrukùru ń gbé e mì, títí ó fi ku àtẹ́lẹsẹ̀ méjì, títí kò fi ku nǹkan kan.

"Bàbá Yéwándé, ẹ ti débo?"

Ó pẹ́ kí ohùn tó sọ̀ kalẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń lá àlá.

"Florence, ìka ẹsẹ̀ mi di igi mú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí ẹ bá lè gbé oògùn mì, ẹ béèrè fún oníhóró. Bó bá di dandan kí ẹ gba abẹ́rẹ́, ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ni kó ti wá. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ dẹ ara, ẹ má sì bá a yan ojú ibi tó máa gún. Bí ẹ bá rí i tó kọ bí iná lọ sí ẹsẹ̀, ẹ ní kó fà á yọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rọ, ẹ má jókòó ti òróró ìpara, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù. Ní ti àwọn ọmọdé, ìdí wọn kéré, iṣan náà sún mọ́ awọ. Ẹ má gbé wọn fún alágolo kankan.

Ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi ni Fọlọ́runṣọ́ fúnra rẹ̀. Ibà ló ń ṣe mí, mo ránṣẹ́ pè é pé kó gbé agolo rẹ̀ wá. Ó dé láìsí agolo. Ó jókòó tì mí, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi apá tirẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó wà mí lọ sí ilé ìwòsàn.