Ọjọ́ Tí Wọ́n La Ṣọ́ọ̀ṣì Skorvedal Sí Méjì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1828, wọ́n ki ayùn bọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Skorvedal, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ sí méjì. Ogun kọ́ ló dé, orí àwọn ará àfonífojì wa kò sì dàrú. Àyè ni kò sí mọ́. Ìtì igi ni wọ́n fi kọ́ ilé náà láti ìgbà àwọn baba ńlá wa, igba ènìyàn ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà náà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn tó ń wá jọ́sìn ti tó irínwó. Tarald, ọ̀gá káfíńtà tí wọ́n bẹ̀ wá láti àfonífojì kejì, sọ pé kí wọ́n fi ayùn gé ilé náà láàárín, kí wọ́n so okùn mọ́ apá ibi tí pẹpẹ wà, kí wọ́n wọ́ ọ síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún, kí wọ́n wá fi igi tuntun dí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù. Ó ti ṣe é fún ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà. Ìka méjì tí kò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Ọpẹ́ ló yẹ kí ènìyàn fi sọ ìtàn yìí, torí ohun tó mú kí ṣọ́ọ̀ṣì kún, ohun rere ni. Ogun ti lọ. Ọ̀dùnkún ti dé, ó sì ń ta dáadáa kódà nínú ilẹ̀ olókùúta tiwa. Wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́ sápá àwọn ọmọdé, ṣàǹpọ̀nná kò sì rí wọn gbé ṣe mọ́. Ilé tó jẹ́ pé ọmọ méjì ló máa ń kù nínú mẹ́jọ tẹ́lẹ̀, mẹ́fà, méje ló ń jókòó ti tábìlì báyìí, tí wọ́n ń ja ìjà ṣíbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjókòó bá kún, àwọn abiyamọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó bọ́ síta, torí ọmọ á ké, ìwàásù á dàrú. Wọ́n á dúró nínú yìnyín, wọ́n á fi etí lé ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà ayọ̀ kún inú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀. Àwọn abilékọ wé ìbòrí funfun, wọ́n de bíróòṣì, ìyẹn ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà, mọ́ àyà bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti wàrà kíkan wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló hàn lójú rẹ̀ láàárín wọn pé inú rẹ̀ kò dùn. Eldri ni, ìyàwó Sveinung ti oko Haugen. Ó gbé garawa wàrà dání, ó ń wo eyín ayùn bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, garawa náà sì ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Eldri!" Guro, ìyá ọkọ rẹ̀, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì darúgbó rárá. "Wàrà ń dà sí ẹ lẹ́sẹ̀! Àbí o fẹ́ sọ garawa yẹn náà nù, bí o ṣe sọ àpótí bọ́tà nù?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Gbogbo Skorvedal ló mọ ọ̀rọ̀ àpótí bọ́tà. Sveinung ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ fún Eldri nígbà ìgbéyàwó wọn, ó fi irin gbígbóná kọ E àti S sórí ìdérí rẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1804. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àpótí di àwátì. Ogún ọdún rèé tí Guro ti ń fi bú ìyàwó ọmọ rẹ̀, lórí oúnjẹ, níbi ìfọṣọ, níwájú àlejò.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Eldri wí, bó ṣe máa ń wí.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun kò sọ àpótí náà nù. Ó mọ ibi tó wà. Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, láàárín òkúta méjì lábẹ́ ògiri apá àríwá.

Ọdún 1808 ni, nígbà ogun ẹnu ààlà Sweden. Sveinung wà lójú ogun, Eldri sì dá wà pẹ̀lú àwọn màlúù lórí òkè níbi tí a ń dà wọ́n lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnì kan, torí èyí tó ṣáájú ti bàjẹ́, ó sì ti pinnu pé òun yóò pa ẹnu mọ́ títí yóò fi dájú. Ọmọ náà dé lójijì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkùnrin ni. Kò ké. Eldri gbé e mọ́ra, ó ń dúró kó ké, ó dúró títí àwọn màlúù fi wálé fúnra wọn.

Ọmọ tí kò ṣe ìrìbọmi, kò sẹ́ni tí yóò gbàdúrà lé e lórí nígbà náà. Òde ọgbà ni wọ́n ń sin ín sí, àwọn àgbà sì ń sọ pé á máa rìn kiri inú igbó títí láé, tí á máa wá orúkọ. Òfin tún wà níbẹ̀: obìnrin tó bá dá bímọ ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n sì rí òkú ọmọ náà, apànìyàn ni wọ́n ń pè é. Eldri da bọ́tà nù, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sínú àpótí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ti àpótí náà bọ abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ rẹ̀ lè máa gbọ́ orin lọ́jọ́ Ìsinmi. Láti ọjọ́ náà, ìjókòó apá àríwá ló máa ń wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú iṣẹ́ ayùn yìí, Àlùfáà Bredal, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ìlú ńlá wá, kéde pé lọ́jọ́bọ̀ wọn yóò ká pátákó ilẹ̀ kúrò, àti pé gbogbo pàǹtí tí wọ́n bá bá lábẹ́ rẹ̀, odò ni wọ́n máa kó o dà sí, kí ilé Ọlọ́run lè mọ́. Gbogbo ìjọ ní àmín. Eldri kò lè ṣe àmín.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó láti jẹun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó gbé wàrà lọ bá Tarald.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oo, ìyá. Wàrà kíkan! Ọlọ́run ló rán yín sí mi."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tí ẹ bá bá lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí lẹ máa ń fi ṣe?"

Tarald dẹ́kun ìjẹun. "Irú nǹkan wo?"

"Nǹkan tí ènìyàn lè ti fi síbẹ̀. Mi ò mọ̀. Mo kàn ń bèèrè ni."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ó wá nu ẹnu rẹ̀ nù. "Ẹ máa lọ sílé, ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Fọkàn balẹ̀ kẹ̀! Ara Eldri kò balẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú, Tarald gun orí ìtì igi kan, ó sì fi ohùn rara sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́jọ́bọ̀, kété tí wọ́n bá ti ká pátákó tán, kí gbogbo ọkùnrin lọ kó igi wá láti etí adágún, tàgbà tèwe, kò gbọdọ̀ ku ẹnì kan. Ilẹ̀ abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, àwọn abilékọ ni yóò gbá a.

"Ọ̀gá, iyẹ̀pẹ̀ lásán lẹ fẹ́ kí wọ́n gbá?" ni ọkùnrin kan fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Mo fẹ́ràn iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́," ni Tarald fèsì, ó sì ṣáná sí páìpù rẹ̀.

Eldri ló kọ́kọ́ débẹ̀, lérò tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin kò tíì rìn jìnnà tó fi gbé ìgbálẹ̀ sáré lọ. Ó bọ́ sínú ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí wọ́n ti ká pátákó kúrò, ó sì bá obìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀ ní apá gúúsù, ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Guro ni.

"Kí lo wá ṣe?" ni ìyá àgbà bi í, ó yára ki nǹkan kan bọ abẹ́ ìborùn.

"Mo wá gbálẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi náà ni."

Kò sẹ́ni tó gbálẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Eldri rí i pé kò sí àsìkò mọ́. Ó kọjá lára ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lábẹ́ ògiri àríwá, ó ki ọwọ́ sáàárín òkúta, ó sì fa àpótí náà jáde. Guro rí E, ó rí S, ó rí 1804. Ó fi ìdí lélẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Àpótí bọ́tà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ogún ọdún ni mo fi ń bú ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò sì la ẹnu ẹ! O kàn ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú!"

"Kí ni ǹ bá sọ, Màmá?"

Guro ṣí ìborùn rẹ̀. Ìdì kékeré kan ló wà níbẹ̀, tí kò ju ìṣù búrẹ́dì lọ. "Obìnrin ni. Òun ni ẹ̀gbọ́n Sveinung," ló wí. "Kò ké. Mi ò tiẹ̀ ní àpótí ní tèmi, Eldri. Èèpo igi ni mo fi wé e." Ó wá sunkún. Eldri kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú.

Àwọn obìnrin yòókù ti ń dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkí ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, oníkálukú sí igun tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ara wọn. Ohun tí wọ́n gbé jáde jẹ́ mọ́kànlá. Oníkálukú wọn ló ti rò pé òun nìkan ni.

Ibẹ̀ ni Àlùfáà Bredal wọlé bá wọn. Ó wo àwọn ìdì náà títí ó fi yé e, ojú rẹ̀ sì funfun.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí?"

Eldri rántí òfin, ó rántí ẹ̀wọ̀n, ó rántí odò. Ó dìde pẹ̀lú àpótí náà láyà.

"Tèmi lèyí, Àlùfáà. Kò ké. Ọlọ́run mọ̀ pé kò ké. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síta."

Àlùfáà la ẹnu, ṣùgbọ́n Guro kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Èyí tèmi ni. Bí ẹ bá fẹ́ pe agbófinró, ẹ pè é. Ìyàwó agbófinró náà ló dúró lẹ́yìn yín yẹn."

Àlùfáà bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà dúró níbẹ̀ lóòótọ́, bíróòṣì fàdákà láyà, àpò ọ̀gbọ̀ kékeré kan lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Tarald yọjú láti ibi tí ayùn ti la ògiri. "Àlùfáà, ṣọ́ọ̀ṣì keje rèé. Kò sí èyí tí mi ò bá wọn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí màá gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn, àwọn ọkùnrin ti ń bọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí fìlà. "Bí a bá fa pẹpẹ síwájú tán," ló bèèrè, "ibo ni yóò bọ́ sí àárín ilé gan-an?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yẹn."

Ó sún sẹ́yìn kúrò níbẹ̀. "Ẹ gbẹ́ ẹ," ló wí, ó sì ṣí ìwé àdúrà sí ibi àdúrà ìsìnkú.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fa ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi ọ̀rá ẹran kun àwọn ìtì igi tí yóò yí lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin sì di okùn mú. Kí Tarald tó ké "Ó yá!", àwọn obìnrin ti rọ́ wá, Guro ló ṣíwájú, wọ́n gba okùn mú láàárín àwọn ọkọ wọn. Sveinung ní kí ìyá òun lọ jókòó. Guro ní kó gbé ẹnu dákẹ́, kó fà. Ilé pẹpẹ han, ó mì, ó sì dìde lọ síwájú bí màlúù tí kò fẹ́ jí.

Nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n kọ́kọ́ jọ́sìn nínú ilé tó gùn náà. Gbogbo ènìyàn ló jókòó, kò ku ẹnì kan síta. Guro fúnra rẹ̀ ló yan ìjókòó fún ilé Haugen, ní àárín gbùngbùn, ó sì fi Eldri sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Pátákó tuntun wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ń ta sánsán. Láàárín ìwàásù, ọmọ ọwọ́ Sunniva, ọmọbìnrin Eldri, figbe ta. Jíjáde ti mọ́ Sunniva lára. Ó gbé ọmọ, ó dìde láti jáde. Guro di yẹ̀rì rẹ̀ mú.

"Jókòó." Ìyá àgbà wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́. "Ẹ jẹ́ kó ké."

Àlùfáà Bredal dákẹ́ lórí àga ìwàásù. Ó dúró títí ọmọ náà fi ké tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì láàárín àwọn obìnrin. Eldri mú ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó dì í mú títí di ìparí ìsìn. Ọmọ ọwọ́ yẹn ni ìyá ìyá mi. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ní ṣọ́ọ̀ṣì Skorvedal, a kì í gbé ọmọ tó ń ké jáde.