Abọ́ Tánganran Tí Mo Dí Ihò Rẹ̀

Ẹnì kan tún ti fọ abọ́ mi. Òwúrọ̀ kẹta nìyẹn. Ọ̀dà pupa tí mo fi kun inú rẹ̀ bí ọbẹ̀ ti ṣí kúrò pátápátá, omi sì ṣì ń kán sílẹ̀ létí rẹ̀.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ìlú Ìlórò ku ọ̀la, ohun tí àwọn èèyàn ti kó dànù nílé nìkan ni wọ́n sì ní ká fi ṣe é. Ère ìyá tó ń gbé oúnjẹ fún ọmọ ni mo ṣe. Irin ojú fáànù ni ikùn rẹ̀, kẹ́tùlù tó ti jó ni orí rẹ̀, abọ́ tánganran yìí ló sì gbé lọ́wọ́. Etí igbó lẹ́yìn agbo ilé ọkọ mi ni mo ti ṣa abọ́ náà. Ihò kan wà nídìí rẹ̀, mo sì ní kí Sherifdeen ajórin bá mi dí i.

"Nùsírátù, ta lẹ tún ṣílẹ̀kùn fún?" Mo bi obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ìlú.

"Tíṣà, mo ti sọ fún yín. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi Kùránì búra."

Mo tún ọ̀dà kùn. Kí n má parọ́, kì í ṣe abọ́ nìkan ló ń bí mi nínú. Ìrètíolúwa, ọmọ ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò fẹnu kan oúnjẹ mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo se ìrẹsì, ó kọ̀. Mo gúnyán, ó ní òun ti yó. Bẹ́ẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sì ń bọ́ léjìká. Adó ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tí ebi wá pa á kú sọ́wọ́ ìyàwó tuntun, ta ni yóò gbọ́ tẹnu mi? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sú mi. Mo jágbe mọ́ ọn pé ta ló ń fún un lóúnjẹ.

"Mọ́mì ni," ló wí.

Mo gbà pé àwọn ará ilé ló kọ́ ọ kó máa fi ìyá rẹ̀ gún mi lára.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi wá síbi ìpàtẹ. Wọ́n ń yí ère náà po, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí wọ́n fi dé ibi abọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ìdí rẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló dí ihò yìí?" Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Èmi ni, Màmá."

"Abọ́ Yétúndé ni, ìyá Ìrètíolúwa. Èmi ni mo fi ìṣó lù ú lọ́jọ́ tá a sin ín. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é nínú agbo ilé wa bí abiyamọ bá kú, kó má baà padà wá sílé wá bọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó bá ń jẹ oúnjẹ òkú, ọ̀dọ̀ òkú ló ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣé ọmọ yẹn ń jẹun?"

Ọmọ Arámọkọ ni mí. Ọdún kan gbáko ni mo ti wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó là mí lọ́yẹ̀. Inú bí mi sí wọn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo já abọ́ náà gbà lọ́wọ́ ère lójú gbogbo èèyàn, mo yá òòlù àti ìṣó lọ́wọ́ Sherifdeen, mo lù ú, mo sì jù ú padà sínú igbó.

Nígbà tí mo délé, Ìrètíolúwa ń sunkún ebi. Ayọ̀ kún inú mi. Mo bu iṣu àti ẹyin fún un, ó sì ń jẹ wàwà. Nígbà tó dé ìdajì, ó dáwọ́ dúró, ó sì ti abọ́ náà síbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó.

"Jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi."

"Ti Mọ́mì ló kù. Wọ́n ní ẹ ti lu abọ́ àwọn, pé ká jọ máa jẹ nínú tèmi."

Ìṣó ṣì wà lápò aṣọ mi. Ṣùgbọ́n abọ́ ọmọ tó wà láàyè, ta ni yóò lù ú?